Ọ̀gá Kíámọ́sá àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ohun Tó Kọ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ bí ẹni ńlá ṣe ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbá ara rẹ̀ ṣubú. Ọkùnrin kan wà tí kò ga, tí kò kúrú, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ bàtà rẹ̀ tó ń dún ko-ko-ko, ó dá a lójú pé òun ga ju òrùlé lọ. Òun ni ọ̀gá àgbà ní Ilé Ohùn. Ilé Ohùn yìí ni ìjọba ń kó ohùn àwọn àgbàlagbà pa mọ́ sí, ìtàn wọn, ìmọ̀ràn wọn àti àlọ́ wọn, kí àwọn ọmọ wọn lè wá gbọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà látijọ́. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ìjọba ní kí wọ́n kó ohùn náà sínú síídì, irú síídì tó ṣeé kọ, tó ṣeé pa rẹ́, tó sì tún ṣeé kọ.

Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ náà mọ́. Ọ̀gá Kíámọ́sá ni wọ́n ń pè é, nítorí kíámọ́sá ló fẹ́ ohun gbogbo. Bó bá fẹ́ mu omi, kíámọ́sá ni. Bó bá fẹ́ kí wọ́n yin òun, kíámọ́sá náà ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ nìkan ni kì í tán bọ̀rọ̀. Tó bá ti dìde láti sọ̀rọ̀, kí ẹni tó gbé omi kaná tètè lọ pa iná rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Igbákejì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dìde. Iṣẹ́ igbákejì yìí kò ju pé kó máa yìn ín lọ, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Á ní, "Ọ̀gá tí kò lẹ́gbẹ́! Ọ̀gá tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́, ọgbọ́n ló ń jáde!" Ọ̀gá Kíámọ́sá á wá wúkọ́ díẹ̀, kí wọ́n lè rí ọgbọ́n náà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀, èmi níwájú, èmi lẹ́yìn, èmi ní àárín gbùngbùn. Wọ́n á gba ọ̀rọ̀ náà sínú síídì kan aláwọ̀ wúrà tí àwòrán òun fúnra rẹ̀ wà lójú rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n á tún dà á kọ sínú àwọn síídì ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n á pín wọn káàkiri. Tí oṣù mìíràn bá dé, wọ́n á kó wọn padà, wọ́n á pa ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, wọ́n á kọ tuntun lé e. Ẹ fi síídì wúrà yìí sọ́kàn. A ṣì máa padà bá a.

Kí ni ọkùnrin yìí ń wá? Àga kan ni. Ní olú-ìlú, àga olùdarí tó ń ṣàkóso gbogbo Ilé Ohùn pátá ti ṣófo, Mínísítà ni yóò sì yan ẹni tí yóò jókòó sí i. Ọ̀gá Kíámọ́sá ti lọ yọjú wo àga náà. Kódà, nígbà tó rí i pé kò sẹ́nì kankan nítòsí, ó fi ìdí kàn án wò. Ó bá a mu. Láti ọjọ́ náà ni oorun rẹ̀ kò ti péye mọ́.

Ó gbọ́ pé iṣẹ́ tó yá kánkán ni Mínísítà fẹ́ràn, ló bá gba yàrá ẹ̀rọ lọ. Ó bá Ìyá Ẹ̀rọ níbẹ̀. Obìnrin yìí ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń kọ ohùn sínú síídì. Ó kàwé, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó káwọ́ gbera, ó ń wo ẹ̀rọ.

"Kí lo jókòó tì báyìí?"

"Mò ń dúró dè é ni, sà. Ó ti kọ ọ́ tán, ó wá ń kà á padà."

"Ó ń ka kí ni?"

"Ohun tó kọ, sà. Tó bá kọ ọ́ tán, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á kà á wò bóyá ó gbà. Ibi tí kò bá gbà, á tún un kọ. Síídì yìí máa ń gbó, sà. Tí a bá ti kọ ọ́ tí a pa á rẹ́ léraléra, apá ibì kan lára rẹ̀ kì í gba ohùn tuntun mọ́. Ohùn àná ló máa jókòó síbẹ̀."

Ọ̀gá Kíámọ́sá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀rọ ìjọba ń ṣiyèméjì lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀! Èmi, bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, ṣé mo máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti wò ó bóyá òótọ́ ni mo sọ?"

"Rárá o, sà!" ni igbákejì rẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kò ṣe é rí!" Ọ̀rọ̀ òtítọ́ kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà sọ lọ́dún yẹn nìyẹn.

"Ìdajì àsìkò wa ni ẹ̀rọ yìí ń fi kàwé," ni Ọ̀gá Kíámọ́sá wí. "Ṣé ilé-ìwé la kọ́ fún un ni? Ibo ni wọ́n ti ń pa ìkàpadà yẹn?"

"Ó wà lójú kọ̀ǹpútà níbí, sà, ṣùgbọ́n…"

"Pa á!"

Ìyá Ẹ̀rọ wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo aago ara ògiri, ó rántí pé òun kì í tètè délé. Ó pa á. Ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ni kò fẹ́ tètè délé nínú yín?

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yá. Síídì tó ń gba odindi òwúrọ̀ wá ń jáde kí ẹnu tó kúrò lórí tíì. Wọ́n ń kó wọn jọ gègèrè, inú gbogbo òṣìṣẹ́ ń dùn, wọ́n ń tètè lọ sílé. Igbákejì kéde pé ọ̀gá òun ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tó kọ́ ẹ̀rọ ní ìgboyà. Ọ̀gá Kíámọ́sá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, nítorí kò sí ìyìn tó dé etí rẹ̀ rí tó jẹ́ àsọdùn lójú rẹ̀.

Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ní Ilé Ohùn, àṣà kan wà láti ìgbà àwọn tó dá ibẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá rán ẹ níṣẹ́, wàá kọ́kọ́ ka iṣẹ́ náà padà fún ẹni tó rán ẹ. Wàá ní, "Ẹ ní kí n gbé omi wá, kí n sì ti fèrèsé." Á ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà náà ni wàá tó lọ. Ọ̀gá Kíámọ́sá ní kí wọ́n fòpin sí i. Ó dìde lójú gbogbo èèyàn, ó na ìka sókè.

"Láti òní lọ, kò sí ìkàpadà mọ́! Yálà lẹ́nu ẹ̀rọ o, yálà lẹ́nu èèyàn o! Ọ̀rọ̀ tí èmi bá sọ, ó ti di òkúta! Ta ló ń béèrè lọ́wọ́ òkúta pé, ṣé òkúta ni ẹ́?"

"Kò sí o, sà!" ni gbogbo ilé dáhùn.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó ní, "Ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Gbọ̀ngàn ìlú. Kíámọ́sá!" Gbọ̀ngàn ìlú méjì ló wà, ti àtijọ́ àti tuntun. Awakọ̀ ya ẹnu láti béèrè, ó rántí òfin, ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì gbé e lọ sí ti àtijọ́, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ ti ń ṣèpàdé lórí bí abẹ òde òní ṣe ń tètè kú. Ọ̀gá Kíámọ́sá kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gun orí pèpéle, ó sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Àwọn onígbàjámọ̀ rò pé àlejò pàtàkì ni ẹgbẹ́ pè, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n fi í jẹ bàbá ìsàlẹ̀, wọ́n sì fún un ní kóòmù kan tí wọ́n fi aṣọ wé.

Ó délé, ó fi han ìyàwó rẹ̀. "Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gbogbo ló fi dá mi lọ́lá."

"Kóòmù, Bàbá wọn?"

"Àmì ni! Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èmi ni n ó tún orí ìjọba yìí ṣe."

Ìyàwó rẹ̀ wo kóòmù, ó wo orí ọkọ rẹ̀ tó pá tó ń dán gbinrin, ó sì rọra gba ilé ìdáná lọ kí ẹ̀rín má baà pa á sójú rẹ̀. Ó fẹ́ béèrè ohun tó máa jẹ, ṣùgbọ́n òfin ti wọlé dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ náà. Ẹyin tó kù sílẹ̀ láàárọ̀ ló gbé fún un, ó sì jẹ ẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìwọ̀nyẹn náà kò bọ́. Tí wọ́n bá ti kó ohùn inú wọn sí síídì tán, Ọ̀gá Kíámọ́sá á ní kí wọ́n fa okùn dúdú inú wọn yọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé òun. Ó gbin tòmátì sẹ́yìnkùlé, àwọn ẹyẹ kò sì jẹ́ kó gbádùn. Okùn kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ta káàkiri lára igi máa ń dán, ó máa ń dún fìrìrì nínú afẹ́fẹ́, ẹyẹ á sì fò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn àwọn àgbà ṣe di ọlọ́dẹ tòmátì. Ẹ̀yin ará, mo ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìròyìn dé pé Mínísítà ń bọ̀. Obìnrin náà kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè ẹ̀bùn. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́. Ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé fi ohùn sílẹ̀ ní Ilé Ohùn nígbà kan rí, ó sọ ìtàn òbúkọ kan tí wọ́n ní nílé. "Ó máa ń sọ ọ́ fún mi kí n tó sùn," ni Mínísítà ránṣẹ́ sí wọn. "Mo ti gbàgbé bó ṣe parí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Inú Ọ̀gá Kíámọ́sá dùn ṣìnkìn. Ó ti rí àga náà gbà tán! Ó ní, "Síídì wúrà mi ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Tó bá gbé e lọ sílé, ojú mi ni yóò máa rí lójoojúmọ́."

Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fẹ́ fi síídì náà dán ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ wò. Ó wọ yàrá ìgbohùn pẹ̀lú igbákejì rẹ̀, Ìyá Ẹ̀rọ tan ẹ̀rọ, ó sì bọ́ síta. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ títí, ó yin ara rẹ̀ dé góńgó. Nígbà tó parí, ó fẹ̀yìn ti àga, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀.

"Ìyẹn dáa, àbí?"

"Ó ju dáadáa lọ, sà. Mínísítà á kúnlẹ̀ fún yín."

"Mínísítà wo? Obìnrin yẹn tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì! Jẹ́ n kọ́kọ́ dé orí àga náà. Imú ni n ó fi máa fà á kiri." Ìgbà tó gbójú sókè ló rí iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ. "Háà! Ṣé ó ṣì ń gbà á ni?"

"Ó ń gbà á, sà," ni igbákejì wí, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀.

Wọ́n fi ariwo pe Ìyá Ẹ̀rọ wọlé. "Pa èyí rẹ́! Kọ ohùn ìyá Mínísítà lé e kíámọ́sá!"

"Ó dáa, sà. Síídì yìí ti gbó gan-an o. Ṣé kí n kà á padà wò tí mo bá ṣe é tán?"

Ọ̀gá Kíámọ́sá wò ó. Bí obìnrin náà bá kà á padà, ó lè gbọ́ ohun tí òun sọ nípa Mínísítà. Ẹ̀rù bà á. "Òfin ni òfin," ló wí. "Kò sí ìkàpadà!"

"Ẹ̀yin lọ̀gá," ni obìnrin náà wí, ó sì ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ náà, okùn kásẹ́ẹ̀tì ìyá Mínísítà náà ti wà lórí tòmátì.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Mínísítà jókòó níwájú, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí ojú rẹ̀ fi ìrìn àjò hàn, gèlè rẹ̀ kò tiẹ̀ ga. Igbákejì yin ọ̀gá, ọ̀gá yin ara rẹ̀, wọ́n sì ti síídì wúrà bọ ẹ̀rọ.

Ohùn arúgbó kan jáde wá, ó rọ̀, ó mọ́ ketekete. "Ẹ káàárọ̀ o. Ìtàn òbúkọ ilé wa ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀." Mínísítà gbé ọwọ́ lé àyà, omi lé ròrò sí i lójú. Ọ̀gá Kíámọ́sá wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fọkàn ro irú aṣọ tí yóò wọ̀ tó bá dé olú-ìlú.

"Ẹranko kan wà nílé wa," ni arúgbó náà ń bá a lọ, "tó gbà pé òun ló ni ilé. Ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ni!" Ohùn Ọ̀gá Kíámọ́sá ló bú jáde láti inú ẹ̀rọ. "Èmi tí ẹ ń wò yìí! Nígbà tí mo dé ilé-iṣẹ́ yìí, kí ni mo bá?"

"Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀," ni arúgbó náà wí. "Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún lá àwo."

Ọ̀gá Kíámọ́sá dìde, ó tún jókòó.

"Ẹ wo ojú mi dáadáa!" ni ohùn tirẹ̀ tún ké nínú ẹ̀rọ. "Kí lẹ rí?"

"Irùngbọ̀n, àti òórùn. Kò wẹ̀ rí láyé."

"Àwọn òṣìṣẹ́ mi fẹ́ràn mi! Tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró bàtà mi, kíákíá ni wọ́n máa ń…"

"…mú igi, kí wọ́n lé e síta."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹnì kejì gbà á, kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń rọ́ gììrì. Ẹ̀rín pa Mínísítà fúnra rẹ̀, ó ń fi etí gèlè nu ojú. "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" ni Ọ̀gá Kíámọ́sá ń pariwo, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló ní kí òun pa tàbí iná gbọ̀ngàn. Òfin kò sì gbà á láyè láti béèrè. Ó dúró síbẹ̀ ní tirẹ̀.

"Mínísítà wo?" ni ẹ̀rọ ń wí. "Obìnrin yẹn tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì! Jẹ́ n kọ́kọ́ dé orí àga náà. Imú ni n ó fi máa fà á kiri."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Arúgbó náà nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọmọbìnrin mi kékeré yìí nìkan ló rí i mú. Ó mú okùn, ó so ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó so ó mọ́lẹ̀ tán…" Ẹ̀rọ náà ṣe kíkíkí, ó dákẹ́.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Igbákejì ti sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń wo òrùlé bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Mínísítà dìde. Kò jagbe. "Ìparí rẹ̀ dà?"

"Mà… ó… síídì náà ló gbó, mà."

"Kásẹ́ẹ̀tì ìyá mi dà?"

Ọ̀gá Kíámọ́sá wo ilẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. "Ó wà nínú tòmátì, mà."

Wọ́n mú un lọ síbẹ̀. Mínísítà dúró láàárín ebè, ó di okùn dúdú kan mú tó ń dún fìrìrì nínú afẹ́fẹ́. Ìyàwó Ọ̀gá Kíámọ́sá gbé àga jáde fún un, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ó yẹ kí n ti béèrè ohun tí ọkọ mi ń so mọ́ ibí." Ọ̀gá Kíámọ́sá gbọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú tì í ní tòótọ́, nítorí ìyàwó rẹ̀ kì í tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣe.

"Mi ò ní lé yín lẹ́nu iṣẹ́," ni Mínísítà wí. "Yàrá ẹ̀rọ lẹ máa wà. Gbogbo síídì tí wọ́n kọ lásìkò yín lẹ máa gbọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kò gbọdọ̀ sáré wọn. Ibi tí kò bá gbà, ẹ wá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rí, kí ẹ tún un kọ. Ti ìyá mi lẹ máa kọ́kọ́ wá."

Báyìí ni Ọ̀gá Kíámọ́sá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn kúrò lára igi tòmátì. Ó ń fi báírò yí i padà sínú kásẹ́ẹ̀tì, díẹ̀ díẹ̀, torí tó bá sáré, á já. Ìyàwó rẹ̀ ń bá a di ìdí okùn náà mú. Níbi iṣẹ́, ó gbé gbohùngbohùn sétí, ó ń gbọ́ síídì. Òun gan-an ló sì ń gbọ́ jù, nítorí àwọn síídì tí wọ́n fi pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri láti oṣù dé oṣù náà ni wọ́n fi kọ ohùn àwọn àgbà. Èmi, èmi, èmi. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó bọ́ gbohùngbohùn náà sílẹ̀, ó bi Ìyá Ẹ̀rọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí?"

"Èyí kéré, sà," ni obìnrin náà wí. "Síídì kò gba gbogbo rẹ̀."

Ó pẹ́ kó tó rí okùn ìyá Mínísítà. Òjò ti pa á, ó ti rún, ìdí rẹ̀ nìkan ló ṣì dára. Ó tẹ́tí sí i, ó tún tẹ́tí sí i, títí Ìyá Ẹ̀rọ fi yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí ìparí rẹ̀?"

"Mo ti rí i."

"Kí n tó kọ ọ́, ẹ kà á padà fún mi."

Ọkùnrin náà wúkọ́. Kò sí ọgbọ́n kankan tó jáde. "Wọ́n ní nígbà tí wọ́n so òbúkọ náà mọ́lẹ̀ tán, ó ké títí, ó wá dákẹ́. Ìgbà tó dákẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ pé àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú ilé."

Ìyá Ẹ̀rọ gbé gbohùngbohùn náà sétí tirẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó mi orí. "Ẹ fo ibì kan, sà."

"Ibo?"

"'Ó ké títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.' Ẹ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó tún un kà.